Ẹ Wọ Kóòtù Wá

Bí fóònù ṣe dún lórí tábìlì oúnjẹ báyìí, Kuramochi sá wọ balùwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Géńdé tó ti ń fi jíju bọ́ọ̀lù besibọ́ọ̀lù jẹun láti ọdún mẹ́tàdínlógún, fóònù lásán ló ń lé e kiri ilé ní ìlú Okayama ní Japan!

Ẹ má bá a wí. Ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Oṣù kẹwàá ni, ìgbà tí ẹgbẹ́ besibọ́ọ̀lù máa ń dá àwọn tí wọn ò nílò mọ́ dúró. Wọn a pe onítọ̀hún, wọn a ní kó wá sí ọ́fíìsì lọ́la, kó wọ kóòtù àti táì. Ẹni tí wọ́n bá ti ní kó wọ kóòtù, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Kuramochi ti pé ọdún méjìdínlógójì; iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ju bọ́ọ̀lù kí ẹni tó di igi mú má lè gbá a, ọdún méjì gbáko sì ni àwọn tó ń di igi mú níwájú rẹ̀ ti ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ bí ẹni ń lu ẹní eléruku. Ó wá dọ́gbọ́n, ó kó kóòtù kan ṣoṣo tó ní fún alágbàfọ̀, ó ní kó má wulẹ̀ kánjú. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò ní kóòtù, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ lé e?

Chizuru ìyàwó rẹ̀ ló gbé fóònù náà. Nígbà tó gbọ́rọ̀ tán, ó wá kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀.

"Bàbá Nagisa, Ọ̀gá Minobe láti ẹgbẹ́ yín ní kí ẹ wá láago mẹ́wàá ọ̀la. Kí ẹ wọ kóòtù."

"Sọ fún un pé kóòtù mi wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀."

"Mo ti sọ fún un. Ó ní òun mọ̀, pé ibẹ̀ ni gbogbo yín máa ń kó o lọ lóṣù yìí."

Kóòtù dúdú tí bàbá ìyàwó rẹ̀ fi ń lọ ìsìnkú ló yá wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. Apá rẹ̀ kò dé ọrùn ọwọ́. Ọ̀gá Minobe kò rẹ́rìn-ín. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ kò ní bá a tọwọ́ bọ̀wé mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó dun Kuramochi wọra, nítorí láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé, kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Àfi bí ọ̀gá ṣe wúkọ́, ó ní iṣẹ́ kan kù: kó máa ju bọ́ọ̀lù fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà ìdánrawò, kí wọ́n máa fi kọ́ bí a ti ń gbá a.

"Àwọn fúnra wọn ló bẹ̀ mí," ni Minobe wí. "Wọ́n ní bọ́ọ̀lù ẹ dùn ún gbá."

Kuramochi kò mọ̀ bóyá kó dúpẹ́ ni tàbí kó bínú. Kó tó pinnu, wọ́n ti mú un lọ sí pápá ẹ̀yìn ọ́fíìsì pé kó dán an wò. Tokushige, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó mọ̀ ọ́n gbá jù nínú ẹgbẹ́, ti di igi mú. Kuramochi bọ́ kóòtù, ó ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Tokushige fi igi gbá afẹ́fẹ́. Ó ju èkejì, afẹ́fẹ́ náà ni. Ẹ̀kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Tokushige ṣubú. Ọdún méjì ni Kuramochi fi bẹ bọ́ọ̀lù pé kó ṣe bẹ́ẹ̀, tí kò dá a lóhùn.

"Kuramochi," ni Minobe wí, ó ń họ orí, "a ní kó o jẹ́ kó rí i gbá ni."

Ó tẹrí ba, ó bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn débi pé ojú rẹ̀ kò lè bò ó. Ó lè máa lọ sílé báyìí pẹ̀lú ọlá rẹ̀, kó sọ fún Nagisa pé ẹni ìkẹyìn tó kojú bàbá rẹ̀ kò fi igi kan bọ́ọ̀lù. Ó wo ọ̀nà ìjáde. Ó wá wo Tokushige tí òógùn bò, tó ń wo igi ọwọ́ rẹ̀ bíi pé igi náà ló dalẹ̀ rẹ̀.

"Àbúrò, ibo lo fẹ́ kí n jù ú sí?"

"Àárín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó jù ú sí àárín, wọ́ọ́rọ́wọ́. Tokushige gbá a, bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri. Kuramochi wò ó títí kò fi rí i mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú bọ́ọ̀lù mìíràn.