Agogo Tó Gé Ọ̀rọ̀ Ìyá Mojírayọ̀ Sí Méjì

Àlá tí mo lá mọ́jú òní, mo fẹ́ rọ́ ọ fún yín kí Ọ̀gá tó dé. Ẹ gbé tíì yín sílẹ̀ ná. Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi kì í lá àlá. Bí mo bá ti forí lélẹ̀, ó di àárọ̀. Mopélọ́lá ìyàwó mi máa ń sọ pé bí olè bá gbé mi pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, ilé olè ni n ó ti jí. Ṣùgbọ́n tòní yàtọ̀.

Nínú àlá náà, mò ń bọ̀ wá síbi iṣẹ́ bí mo ṣe máa ń bọ̀ lójoojúmọ́. Mo dé ẹnu géètì, mi ò rí ilé. Nígbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i. Ilé Àpérò Ọ̀rọ̀ Ìlú wa yìí, tòun ti pátákó orúkọ rẹ̀, ti léfòó sókè, ó ga tó igi àgbọn méjì. Okùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi so ó mọ́ jẹnẹrátọ̀. Ẹ̀rù ò bà mí. Ohun tí mò ń rò ni pé ẹni tó ta kókó okùn yẹn ò ta á dáadáa. Mo fa okùn náà, ilé rọra sọ̀kalẹ̀ dé orúnkún mi, mo gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn, mo wọlé.

Ìwé àlejò wà lórí tábìlì, kò sí ẹni tó jókòó tì í. Ó ṣí ara rẹ̀.

"Ta lẹ wá rí?" ìwé náà bi mí.

"Ibi iṣẹ́ mi nìyí," mo ní. "Èmi ni mo máa ń lu agogo bí ìṣẹ́jú méjì olùsọ̀rọ̀ bá ti pé."

"Áà, ẹ̀yin ni. Wọ́n ti ń retí yín."

Ó kọ orúkọ mi sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì ló kọ. Ó kọ "Adé", kò kọ "kànmbí" mọ́ ọn. Mo ní bóyá ìnkì rẹ̀ ti tán.

Gbọ̀ngàn kún fún àwọn àga oníke wa funfun, kò sì sí èèyàn kankan lórí wọn. Síbẹ̀ àwọn àga náà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí èèyàn ṣe ń ṣe kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wà níwájú, tí a máa ń lẹ ìwé "Kọmíṣọ́nnà" mọ́ lẹ́yìn, kí mi.

"Ọdún kọkànlá rèé tí ẹ ti ń fi mí pamọ́ de èèyàn ńlá," ó ní. "Ìdí kan ò tíì kàn mí rí."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fi ọwọ́ nu eruku ara rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Kọmíṣọ́nnà ti wọlé. Ẹ rántí pé lójú ayé kò wá sípàdé wa lọ́jọ́bọ̀, aṣojú ló rán. Nínú àlá, òun fúnra rẹ̀ ló wá, nínú kóòtù dúdú. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní kí òun kọ́kọ́ kí àwọn tó yẹ ní kíkí. Ó kí ọba, ó kí ìjòyè, ó kí aṣòfin. Nígbà tó fi máa kan olórí àwọn obìnrin, ìwo ti yọ lórí rẹ̀. Kò dá ìkíni náà dúró. Irùngbọ̀n hù, etí gùn, kí ó sì tó kí ẹni ìkẹyìn, ó ti di òbúkọ, òbúkọ tó wọ kóòtù, tó fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé tábìlì.

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀," ó ní.

Àwọn àga pàtẹ́wọ́. Mo sún ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ ọn lẹ́nu kí ohùn rẹ̀ lè jáde dáadáa. Ìṣẹ́jú méjì pé, mẹ́wàá pé, ogójì pé. Agogo wà lọ́wọ́ mi, mi ò lù ú. Ẹ̀yin náà mọ òfin wa: a kì í lu agogo fún èèyàn ńlá, ìbáà jẹ́ òbúkọ.

Lẹ́yìn òbúkọ yìí, wọ́n tẹ́ nǹkan kan sórí tábìlì gígùn, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Mo rò pé òkú ni. Mo ṣí i. Ìwé àbájáde ìpàdé wa ni.

"Ẹ bò mí padà," ó ní. "Mo ti parí."

"Ìgbà wo lo parí? Ìpàdé ò tíì tú ká."

"Ọjọ́ kẹta ṣáájú ìpàdé ni mo ti parí. Aago mẹ́wàá ni mò ń jáde fún àwọn oníròyìn. Bí nǹkan bá wà tí ẹ fẹ́ fi kún mi, ẹ tètè lọ mú un wá ní yàrá ẹ̀yìn."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Ẹ ò gbàgbé Ìyá Mojírayọ̀, ìyá àgbà tó wá láti Abúlé Olókùúta lọ́jọ́bọ̀, tó gbé ìgò omi dání. Láti àárọ̀ ló ti ń dúró de ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Nígbà tó kàn án, ó kí gbogbo wa bí ọmọlúàbí, ìkíni yẹn ló sì jẹ ìṣẹ́jú méjì rẹ̀ tán. Ó wá ní, "Omi kànga tí wọ́n gbẹ́ fún wa, tí àwọn ọmọ wa ń mu yẹn..." Mo lu agogo. Ó wò mí, ó jókòó. Láti ọjọ́ náà ni gbólóhùn yẹn ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Mo ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, ibi tí a ń kó àwọn bánà àtijọ́ sí. Yàrá náà kò lópin. Àwọn èèyàn dúró síbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, gbogbo wọn lanu sílẹ̀, ẹnu wọn ò pa dé. Mo mọ ojú wọn. Àwọn tí mo ti lu agogo fún láti ọdún mọ́kànlá yìí wá ni. Bí mo bá ti kọjá níwájú ẹnì kan, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ á jáde.

"Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà nílé ìwòsàn wa, ìyẹn náà sì..."

"Ọkọ mi jáde láàárọ̀, wọ́n ní kó..."

"Bí ẹ bá ń bọ̀ lábúlé wa, ẹ má gba orí afárá..."

Wọn ò bínú sí mi. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú. Agogo ni èmi fi bù ú.

Ìyá Mojírayọ̀ ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ìgò rẹ̀ wà láyà rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, ẹ forí jì mí. Ẹ bá ọ̀rọ̀ yín lọ."

"Ṣé ìṣẹ́jú méjì náà ni, ọmọ mi?"

"Rárá o, Ìyá. Títí tí ẹ ó fi parí."

Ó la ẹnu rẹ̀ sí i. Mi ò rí ahọ́n níbẹ̀. Ojú kànga ni mo rí, ó jìn, ó dúdú, mo sì ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ń ka a, b, d.

"Omi kànga tí wọ́n gbẹ́ fún wa," ó ní, "tí àwọn ọmọ wa ń mu yẹn..."

Agogo dún. Mo wo ọwọ́ mi: òun ló ń lù ú. Mo fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú, kò gbà. Mo fẹ́ pariwo pé, "Ìyá, ẹ má dá mi lóhùn, ẹ ṣáà máa..." Ọ̀rọ̀ gé mọ́ mi lẹ́nu. Ẹnu mi ò pa dé mọ́. Àwọn èèyàn náà sì rọra sún, wọ́n fún mi láyè láàárín wọn.

Mo jí. Fóònù mi ló ń dún. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo lọ sí ilé ìdáná, mo bu omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá Kòyejọ, omi yẹn..." ni Mopélọ́lá wí.

Mo na ìka méjì sí i, bí mo ṣe ń nà án sí àwọn tí àsìkò wọn ti pé, mo sì gbé omi mì. Ó kan gógó.

"Mo fẹ́ sọ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da álọ́ọ̀mù tó ń mú omi tòrò sí i ni," ó ní. "Kò tíì tòrò. Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ tán!"

Ojú tì mí gan-an. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi bá mi níbí láàárọ̀ yìí. Mo wá nọ́ńbà Ìyá Mojírayọ̀ nínú ìwé tí àwọn tó wá sípàdé buwọ́ lù, mo pè é. Ó kí mi, ó kí ìyàwó, ó kí ọmọ, ó kí iṣẹ́. Mi ò wo aago. Nígbà tó kí wa tán, ó parí gbólóhùn rẹ̀:

"Omi kànga tí wọ́n gbẹ́ fún wa, tí àwọn ọmọ wa ń mu yẹn, mo bu díẹ̀ wá. Kí Kọmíṣọ́nnà bá wa tọ́ ọ wò."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgò náà nìyí. Abẹ́ àga Kọmíṣọ́nnà ló fi í sí, ibẹ̀ ni mo ti bá a. Mo ń gbọ́ bàtà Ọ̀gá lórí àtẹ̀gùn, aago mẹ́wàá tí ìwé àbájáde fẹ́ jáde fún àwọn oníròyìn sì ti ń lọ lù. Ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò lórí tábìlì o. Láti ọjọ́bọ̀ ló ti wà lójú kan lábẹ́ àga, tí ẹnì kan ò mì ín. Ẹ wò ó, kò tíì tòrò.