Ọsàn Wẹ́wẹ́ àti Òkúta Abẹ́rẹ́

"Pà!"

Gbogbo ẹni tó wà nínú ẹbu amọ̀ náà dákẹ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan, kò sẹ́ni tó ju nǹkan. Ààrò amọ̀ kan tó jókòó jẹ́ẹ́ lórí pẹpẹ ló ṣàdédé ta èépá kan dànù lára, èépá náà sì fò wá bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ Nusaibah, ọmọbìnrin tó ń po amọ̀.

"Ìkejìlá nìyẹn láti àárọ̀," ni Blessing, ọmọbìnrin tó ń dán ara ààrò, sọ.

"Ta ló ní kó o máa kà á?" Tíṣà Ládélé dá a lóhùn pẹ̀lú ìbínú.

Obìnrin yìí ló ni ẹbu náà, ní ìpẹ̀kun ìlú Ìjerò. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé, ká sì sọ tòótọ́, kò tíì fẹ̀yìn tì. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló kàn di ọmọ kíláàsì. Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn ààrò náà sókè, ó yí i sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ihò kéékèèké ti lu ara rẹ̀ bí ojú ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá jà.

"Ogójì ààrò," ó ní. "Ogójì! Ọ̀la ni ilé-ìwé Ìdó-Ilé ń bọ̀ wá kó wọn. Àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ fáwọn ọmọ ló máa jókòó tì í. Bí èépá bá ta sí wọn lójú ńkọ́? Bàbá Sùlè, ẹ dá mi lóhùn."

Bàbá Sùlè ló ń dáná sun àwọn ààrò náà. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ẹnu iná ló sì ti ń jókòó láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ó ṣí fìlà, ó tún un dé.

"Mo ti dá yín lóhùn láná, Tíṣà. Iná náà jó bó ṣe yẹ kó jó."

"Ọjọ́ Jímọ̀ lẹ dá a."

"Ọjọ́ Jímọ̀ ni."

"Ẹ sì lọ kírun."

"Mo lọ kírun. Kí n tó lọ, mo to igi sẹ́nu iná, mo di ẹnu rẹ̀. Nígbà tí mo dé, bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni mo bá a. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kì í fi iná ṣeré."

"Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí mò ń fojú rí yìí." Tíṣà gbé ààrò náà kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ. "Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé iná. Ẹ lọ sinmi."

Bàbá Sùlè tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Nusaibah sì tẹ orí ba, ó ń po amọ̀ tó ti pò tán, ó ń pò ó, ó tún ń pò ó. Òun ló mọ̀ pé iná kọ́. Láti ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ló ti mọ̀, nítorí ní ìsàlẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan, ó ti rí nǹkan funfun kan tó rí bí ẹyọ ìrẹsì. Ẹni tó bá mọ ohun tó pò sínú amọ̀ kò ní béèrè ohun tó ń mú un ta bẹ́ẹ̀.

* * *

Òkúta abẹ́rẹ́ ni gbogbo wọn ń pe nǹkan náà nínú ẹbu. Tíṣà nìkan ló lè pe orúkọ ìwé rẹ̀, wọlasitonáìtì, láì kólòlò. Èkó ló ti ń wá nínú àpò, ní lúbúlúbú. Ó funfun, bí èèyàn bá sì fi ìka méjì ra á, á mọ̀ pé kì í ṣe bíi ti ìyẹ̀fun. Tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí abẹ́rẹ́ tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Tíṣà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn títí wọ́n fi lè kà á bí orin. "Kálísíọ̀mù àti sílíkà ló di ara wọn mú nínú rẹ̀. Kò ní afẹ́fẹ́ tó máa tú jáde nínú iná. Bí koríko ṣe ń di ògiri alámọ̀ mú ló ṣe ń di ààrò mú, kò ní jẹ́ kó sán. Àwọn tó ń ṣe táìsì ń lò ó, àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ń lò ó, àní nínú búréèkì mọ́tò, ẹ máa bá a níbẹ̀."

Àmọ́ òkúta funfun pọ̀ láyé. Ìdí nìyẹn tí Tíṣà fi ṣòfin kan, tó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ilé ìyẹ̀fun tí wọ́n ń kó òkúta lílọ̀ sí: àpò yòówù tó bá dé, kí wọ́n bu díẹ̀ sínú àwo, kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bó bá dákẹ́, kó wọlé. Bó bá hó, ìbátan ẹfun ni, kó padà síbi tó ti wá.

Ọwọ́ Nusaibah ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìyẹ̀fun wà. Nígbà tí àpò Èkó pẹ́ kó tó dé, tí Tíṣà sì lọ sí Adó fún ọjọ́ méjì torí àyẹ̀wò àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, ni Bàbá Quadri gbé àpò kan wá lórí ọ̀kadà. Àbúrò bàbá Nusaibah ni, òkúta ló ń wà ní Ìjerò láti kékeré. Nígbà tí bàbá Nusaibah kú, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Nusaibah, ọkùnrin yìí ló mú un sọ́dọ̀, tó tọ́ ọ, tó rán an níwèé. Ó gbọ́ pé ọmọ òun ń wá òkúta funfun. Ó wá a, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e wá fúnra rẹ̀, kò tilẹ̀ fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Wò ó bó ṣe ń dán," ó ní. "Mo ti fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Òkúta gidi ni."

Nusaibah ti di ọsàn wẹ́wẹ́ mú. Ọ̀bẹ wà lórí tábìlì. Bàbá Quadri sì dúró tì í, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ la ọsàn lójú ẹni tó tọ́ ọ, bí ìgbà tó ń sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ n wò ó bóyá irọ́ lẹ ń pa"? Wọ́n kì í dán àgbà wò lójú ara rẹ̀. Nusaibah kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ti ọsàn náà bọ àpò aṣọ. Ọ̀nà ilé ló ti là á lálẹ́ ọjọ́ náà, tó ń fi í lá iyọ̀.

Bí Tíṣà ṣe ti Adó dé, ìbéèrè kan ló bi í: "Ṣé o dán an wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Kò rò pé wọ́n máa wá máa ta pà-pà lórí pẹpẹ.

* * *

Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, Nusaibah wọ ilé ìyẹ̀fun, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyókù àpò Bàbá Quadri ṣì wà ní kọ̀rọ̀. Ó bu ìkúnwọ́ kan sínú àwo, ó la ọsàn, ó fún un. Ó tẹ orí ba àwo náà.

Ó hó. Ó hó ṣùù bí ọṣẹ, ó ń ga nínú àwo.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ojú sì tì í, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Bí òun bá dákẹ́, wọ́n á lé Bàbá Sùlè nírọ̀lẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ á sì tán. Bó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ lè bọ́, gbogbo Ìjerò á sì máa sọ pé Bàbá Quadri gbé ayédèrú òkúta fún ọmọ ara rẹ̀. Ó fa fóònù yọ, ó pe Bàbá Quadri.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀sán o."

"Ọmọ mi! Mo wà n'úlé. Kí ló dé tóhùn rẹ fi rí báyìí?"

"Òkúta ọjọ́sí ni, sà. Kì í... kì í ṣe irú èyí tá à ń lò."

"Báwo? Ó funfun. Ó dán."

"Ó funfun lóòótọ́, sà. Ṣùgbọ́n mo fún ọsàn sí i, ó hó. Tó bá ti kúrò nínú iná, á máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, á wú, á sì máa ta amọ̀ dànù. Ogójì ààrò ló ti bàjẹ́."

 Nusaibah ń gbọ́ ìró àwọn adìyẹ Bàbá Quadri lẹ́yìn.

"Ọsàn wẹ́wẹ́?" ó ní nígbẹ̀yìn. "Ìyẹn nìkan lẹ fi ń mọ̀ ọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí wá ni kò jẹ́ kó o fún un sí i lójú mi lọ́jọ́ náà?"

"Mo rò pé ẹ máa bínú, sà."

"Èmi?" Ó mí kanlẹ̀. "Ǹ bá ti gbé àpò mi padà sórí ọ̀kadà, Nusaibah. Ó parí. Ṣé èmi lo bọ̀wọ̀ fún ni, àbí ìtìjú lo ń sá fún?"

Nusaibah wo àwo ìyẹ̀fun náà. Irọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti di ogójì ààrò báyìí, ó sì ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà kan.

* * *

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Sùlè gbé kọ́kọ́rọ́ ilé iná sórí tábìlì níwájú Tíṣà. Tíṣà kò tíì mú un nígbà tí Nusaibah kúnlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ má gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bàbá Sùlè, mà. Ìyẹ̀fun ni. N kò dán an wò. Mo purọ́ fún yín."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láì gbé ojú sókè, títí dé orí ọsàn tó fi lá iyọ̀. Nígbà tó parí, Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún, ó pẹ́ gan-an lẹ́nu nínù ún.

"Mo bi ọ́," ó ní. "Àbí n kò bi ọ́?"

"Ẹ bi mí, mà."

"Kọ́kọ́rọ́ ilé ìyẹ̀fun."

Nusaibah tú u kúrò létí aṣọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Tíṣà ti ti kọ́kọ́rọ́ ilé iná padà síwájú Bàbá Sùlè. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo fura sí yín láìtọ́." Ó wá yíjú sí Nusaibah. "Ìwọ, amọ̀ ni wàá máa pò títí n óò fi rí ẹni tí mo lè gbọ́kàn lé. Ìwọ náà lo máa bá mi lọ sí Ìdó-Ilé lọ́la lọ bẹ̀ wọ́n, ẹnu rẹ lo sì máa fi sọ ọ́."

"Mo gbọ́, mà."

Bàbá Sùlè mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Ọjọ́ mẹ́ta," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́ta lo fi ń wò mí, tí wọ́n ń fi mí ṣe ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀."

Ó jáde. Ìyẹn dun Nusaibah ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó sunkún dé ilé.

* * *

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kí Bàbá Sùlè lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá Sùlè kọjá lára rẹ̀ lọ síbi igi iná. Níbi tí èèyàn ti ń kí ajá tó bá jẹ́ ti ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún, kí wọ́n má dáhùn kíkí ẹni kì í ṣe ìyà kékeré. Blessing dibọ́n pé òun ò rí i.

Wọ́n ń múra Ìdó-Ilé ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá nígbà tí ọ̀kadà kan dúró. Bàbá Quadri ló sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú àpò tuntun léjìká.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ ohun tí mo fà. N kò sùn. Ibòmíràn ni mo ti lọ gba èyí láàárọ̀ yìí, wọ́n ní òun gan-an ni."

Tíṣà kí i dáadáa, ó bu ìyẹ̀fun náà sínú àwo, ó gbé ọsàn wẹ́wẹ́ kan àti ọ̀bẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú eruku lára, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú bíi ti ọjọ́sí. Blessing sún sẹ́yìn.

Nusaibah fọ amọ̀ kúrò lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ fún Bàbá Quadri, ó kí i kíkí tó péye, ó béèrè àlàáfíà ilé. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó mú ọ̀bẹ, ó la ọsàn náà sí méjì lójú rẹ̀, ó fún ìdajì sínú àwo.

Ó hó.

 Nusaibah gbé ojú sókè. "Òun kọ́, sà," ó ní. Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Ẹ bá mi gbé e padà. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbé e wá."

Bàbá Quadri tẹjú mọ́ àwo náà títí híhó rẹ̀ fi dákẹ́. Ó wá so ẹnu àpò rẹ̀, ó gbé e léjìká.

"Mo ti rí i," ó ní. "Wọ́n rẹ́ mi jẹ. Fún mi ní ìdajì ọsàn tó kù yẹn. Èmi náà máa lò ó lọ́dọ̀ wọn."

Ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Tíṣà wọlé lọ mú báàgì rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé ìyẹ̀fun sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Nusaibah bẹ̀rẹ̀ sí í ṣan àwo. Ó ti rò pé òun nìkan ló kù níbẹ̀, kó tó gbọ́ tí ẹnì kan gbin lẹ́nu ilé iná. Bàbá Sùlè ni, ó ń to igi, kò yíjú padà.

"Nusaibah," ó ní, "o kú àárọ̀ o."

Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí.