Kí Aago Tó Dún

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ìdí rẹ̀ kì í gbé ojú kan, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ sí ibi tó jìnnà. Aránṣọ yìí ni. Kó tó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, yóò ti dìde lẹ́ẹ̀mejì. Yóò lọ wò ó bóyá ẹ̀rọ omi ń jò, yóò yọjú lójú fèrèsé wo ẹni tó ń kọjá, yóò mú fóònù, yóò gbé e sílẹ̀, yóò sì tún mú un, bí ẹni pé ìròyìn ti dé láàárín ìgbà tó fi gbé e sílẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé, orúkọ náà sì ti lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àwọn tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò mọ òmíràn. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ìránṣọ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ọkàn rẹ̀ ni kì í bá a jókòó.

Aṣọ ìyàwó kan ló wá fẹ́ kó o sí wàhálà. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìgbéyàwó lẹ́bàá títì, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Màdáàmù, ló máa ń gbé iṣẹ́ fún un, iṣẹ́ yìí ni òun àti bàbá rẹ̀ sì fi ń jẹun. Aṣọ méjì ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn. Nígbà tí Màdáàmù gbé ẹ̀kẹta lé e lọ́wọ́, sátíìnì funfun tó ń dán gbinrin, wọn ò pariwo rárá. Wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyàwó ń bọ̀ wá mú un, pé bí aṣọ kò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn, kí Ẹsẹ̀-ò-gbélé má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá gba òmíràn mọ́. Wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì kí bàbá rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló bà á lẹ́rù jù.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń kàwé ní yunifásítì, ló mú ọgbọ́n wá. Ó gbé aago kékeré kan dé, irú èyí tí àwọn tó ń se oúnjẹ máa ń yí, tí yóò sì dún nígbà tí ohun tó wà lórí iná bá jinná. Ó ní ohun tí òun fi ń la ìdánwò já nìyẹn. Kéèyàn yí i sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kó dojú kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo, kó má gbórí sókè. Bó bá dún, kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó mu omi, kó nara, lẹ́yìn náà kó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní aago náà ò gbọdọ̀ sí níbi tí ojú ti lè máa sá lọ bá a, àti pé pípa ni kó pa fóònù, kó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ó wá tẹnu mọ́ ọn pé bí aago bá ti dún, ohun yòówù tó wà lọ́wọ́, kó jù ú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ẹni tó bá ń sọ pé òun fẹ́ parí díẹ̀ yìí kò ní sinmi, ẹni tí kò bá sì sinmi, kò ní pẹ́ tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri inú ilé.

Inú yàrá ni ẹ̀rọ ìránṣọ àti tábìlì wà. Wọ́n wá gbé aago sí pálọ̀, lórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá. Kàfíńtà ni bàbá yìí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ni wọ́n kan tábìlì ìgéṣọ náà fúnra wọn, láti ìgbà tí ìyàwó wọn sì ti kú ni wọ́n ti wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Wọ́n gba iṣẹ́ yíyí aago náà tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè rí wọn fín nídìí ẹ̀. Ohun kan péré ló kù, ìyẹn sì nira díẹ̀ láti sọ: bàbá fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Wọ́n á yọjú sí yàrá pé ajá aládùúgbò ti bímọ, wọ́n á lọ, wọ́n á tún padà wá sọ pé márùn-ún ló bí. Ẹsẹ̀-ò-gbélé fara balẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé bí aago kò bá tíì dún, kí wọ́n jọ̀ọ́ tọ́jú ọ̀rọ̀ náà pa mọ́, pé bó bá dún, òun á jáde wá gbọ́ ọ. Bàbá ní ó yé àwọn, pé iṣẹ́ ni iṣẹ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, èèyàn á rò pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ó jókòó! Ẹ̀rọ ń lọ gbirigbiri, ara aṣọ sì so pọ̀ ní wọ́rọ́wọ́. Nígbà tí aago dún, ó jáde, bàbá rẹ̀ sì da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un: ti ajá, ti ọkùnrin tó ń gbé yàrá òkè tó máa ń wọ́ àga kiri, ti ilẹ̀kùn kan tí àwọn kàn nígbà èwe tí kò sì tíì dún rí títí dòní. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó wọn, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, nǹkan yí díẹ̀. Aago á dún, yóò jáde, bàbá á la ẹnu, wọ́n á wo ojú ọmọ wọn, wọ́n á pa ẹnu dé. Wọ́n á ní, ó dáa, kò sí nǹkan, ìyá mi. Bí wọ́n ṣe máa ń pè é nìyẹn nígbà tí ọkàn wọn bá rọ̀. Ó rò pé wọ́n ń bínú ni, pé òfin tí òun ṣe ló ń dùn wọ́n. Ó dùn ún náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ kò fún un láyè láti máa tu ẹnikẹ́ni nínú.

Ohun mìíràn tún wà. Aago ń yára dún. Ó máa ń dà bíi pé kò tíì jókòó dáadáa tó fi máa dún. Inú rẹ̀ sì ń dùn sí i, aláìmọ̀kan! Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tí àbúrò òun sọ ti dé nìyí, pé ọkàn òun ti wọ inú iṣẹ́ tán, ìdí nìyẹn tí àkókò fi ń sáré. Bó bá wo aṣọ, tó rí i pé iṣẹ́ kò kúrò lójú kan, á kan gbójú kúrò.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, apá aṣọ méjèèjì ló kù kó gé, kó so wọ́n mọ́ ara aṣọ, kó wá ṣẹ́ etí ìsàlẹ̀. Sátíìnì máa ń yọ̀ lábẹ́ sísọ́ọ̀sì, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣẹ́ ẹ po. Ìpele kan ló máa ń tẹ́, á gé apá kan, á wá dojú pépà àwòṣe tó fi ń gé e délẹ̀ kó tó gé ìkejì, kí ọ̀kan lè jẹ́ tòsì, kí èkejì sì jẹ́ tọ̀tún. Ó gé ti àkọ́kọ́. Ó gbé pépà sókè, ó fẹ́ dojú rẹ̀ délẹ̀, aago sì dún. Ó rántí òfin. Ó gbé pépà sílẹ̀ bó ṣe wà, ó jáde, ó mu omi, bàbá wò ó, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ó padà wọlé, ó rí pépà lórí aṣọ, ó fi píìnì mú un, ó sì gé e.

Ìgbà tó gbé méjèèjì dání ló tó rí i. Apá òsì ni ọ̀kan. Apá òsì ni èkejì. Ó yí ìkan sódì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn sátíìnì kì í dán, ẹni tó fọ́jú nìkan ni kò ní rí i. Kò sì sí aṣọ mọ́, àfi àwọn àjákù tí kò lè bo ọrùn ọwọ́ ọmọ ọwọ́. Ó ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó já sí pálọ̀ láti lọ bu omi sójú, ó sì bá bàbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ síwájú lórí àga, tí wọ́n fi ìka méjì mú aago, tí wọ́n rọra ń yí i síwájú.

Ó na ìka sí aago náà.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe yẹn? Ṣé ẹ̀yin lẹ ti ń yí i látàná?"

Aago dún lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbá a mọ́ra bí ẹni fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́. Ó fi apá aṣọ méjèèjì hàn wọ́n, ó bú sẹ́kún, ó sì ń sọ gbogbo rẹ̀ papọ̀: pé nítorí aago tó dún kí àkókò tó pé ni òun fi ṣe àṣìṣe, pé Màdáàmù ti sọ tiwọn, pé kí ni òun ṣe fún wọn. Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ kí ohùn ọmọ ga sí bàbá lọ, ó sì mọ̀.

Bàbá jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Wọ́n gbé aago sórí àpótí jẹ́ẹ́.

"Mi ò fẹ́ ba iṣẹ́ ẹ jẹ́, ìyá mi. Ọ̀rọ̀ á wá sí mi lórí, o sì ní kí n dúró kí aago dún. Tí mo bá dúró, kó tó dún, ọ̀rọ̀ á ti lọ. Mi ò ní mọ ibi tó gbà lọ. Mo wá rò ó pé tí mo bá fi díẹ̀ yí i, màá bá a níbẹ̀."

Ẹkún gbẹ lójú rẹ̀. Ó bi wọ́n pé ìgbà wo ni ìgbàgbé náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó ti ṣe díẹ̀, ṣáájú aago pàápàá. Wọ́n ní ìdí tí àwọn fi máa ń sáré wá sọ ti ajá nìyẹn, kó má baà bọ́, àwọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Ó kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó rọra bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ sọ báyìí. Bàbá wo òkè àjà, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn.

"O pariwo mọ́ mi," ni wọ́n wí. "Ó ti lọ."

Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tí yóò fi ara pa mọ́ sí. Ṣùgbọ́n aṣọ ìyàwó kò dúró de ìtìjú. Ó yọ fóònù nínú dúrọ́ọ̀, ó tàn án, ó pe Màdáàmù, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ti gé apá òsì méjì. Màdáàmù ní ìyókù sátíìnì náà ṣì wà lẹ́yìn káńtà, pé kó wá mú un, ṣùgbọ́n àárọ̀ ọ̀la kò yẹ̀. Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, ó ń mí helehele.

Kó tó wọ yàrá, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òfin ti yí padà, pé kí wọ́n ké sí òun nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dé. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní máa pariwo pe ọmọ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ó wá fi aago náà lé wọn lọ́wọ́, ó ní bí ọ̀rọ̀ bá dé, kí wọ́n yí i kó dún, pé bí òun tilẹ̀ di sísọ́ọ̀sì mú, òun á jáde.

Aago dún láìpẹ́. Ó jáde, bàbá sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n ti fèrèsé, òjò ìbáà máa rọ̀. Ó ní òun rántí. Aago tún dún, bàbá ní ilẹ̀kùn tí àwọn kàn nígbà èwe, igi rẹ̀ pupa. Lẹ́ẹ̀kan, ó dún, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan, àwọn méjèèjì kàn jọ rẹ́rìn-ín. Ó gé apá ọ̀tún, ó wò ó nígbà mẹ́ta kó tó gbà pé apá ọ̀tún ni lóòótọ́. Ó so apá méjèèjì mọ́ ara aṣọ, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ láìhunjọ. Ó ku etí ìsàlẹ̀, èyí tí ọwọ́ nìkan lè ṣẹ́ kí òwú má baà hàn síta.

Ó ti ki abẹ́rẹ́ bọ etí náà kó tó kíyè sí i pé ó ti pẹ́ tí aago dún gbẹ̀yìn. Ó tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ran díẹ̀, ó tún tẹ́tí. Láyé rẹ̀, kò tíì sí ohun tó wù ú láti gbọ́ tó aago yẹn. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ara aṣọ, ó sì lọ sí pálọ̀.

Bàbá wà lórí àga wọn, ara wọn dá ṣáṣá. Aago wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n ń yí i wò síwá sẹ́yìn, bí kàfíńtà ṣe máa ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n gbójú sókè nígbà tí wọ́n rí i.

"Ìyá mi," ni wọ́n wí, "kí ni wọ́n ń fi eléyìí ṣe?"

Ó wá padà sí yàrá, ó kó aṣọ ìyàwó jáde, ó tẹ́ ibora mímọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àga bàbá rẹ̀, ó jókòó sórí rẹ̀, ó sì da sátíìnì náà sórí itan. Ó ṣàlàyé fún wọn pé aago ni, pé wọ́n máa ń yí i bí ọ̀rọ̀ bá dé, kí òun lè wá gbọ́. Bàbá ní ohun tó dáa ni. Ó ń ran etí aṣọ lọ, ó ń fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ mú fọ́nrán òwú kan ṣoṣo nínú aṣọ. Nígbà tí wọ́n tún bi í pé kí ni wọ́n ń fi ṣe, ó tún ṣàlàyé, láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé wọn ò tíì bi í rí.