Ẹsẹ̀ Bàálù Tó Ti Gba Káàdì Pupa

Iṣẹ́ Babáwálé ni kó máa tú bàálù tó ti darúgbó palẹ̀. Ní ọdún 1986, ní pápá kan lẹ́bàá ìlú Spring, nítòsí Houston l'Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ń kó àwọn bàálù èrò tí wọ́n ti lò gbó jù sí, òun ló ń yẹ irin wọn wò. Èyí tó bá ṣì dára, á so káàdì yẹ́lò mọ́ ọn, á fọwọ́ sí i. Èyí tó bá ti sán, á so káàdì pupa mọ́ ọn, á sì fi ayùn oníná gé e sí méjì kí ẹnikẹ́ni má baà tún un tà.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lára ẹsẹ̀ bàálù kan, irin gbọọrọ tí táyà máa ń wà nídìí rẹ̀. Ìlà náà kò fẹ̀ ju irun orí lọ, àmọ́ ọjọ́ tí bàálù bá fi balẹ̀ tagbáratagbára, ó kán nìyẹn. Ó so káàdì pupa mọ́ ọn. Kó tó tan ayùn, Alàgbà Lùkúmọ̀n wọlé.

Alàgbà yìí ló gbà á sílé nígbà tó dé Houston, òun ló mú un dé ilé ẹ̀kọ́ mẹkáníìkì, òun náà ló sọ àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn. Báyìí, ó ń ra ẹ̀yà bàálù ránṣẹ́ sílé ní Nàìjíríà. Babáwálé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì.

"Dìde, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ yìí ni mo wá mú. Bàálù tó ń ná Kàdúná sí Èkó ló nílò ẹ̀. Yọ káàdì yẹn, fi yẹ́lò sí i, just sign it. Ọ̀gá yín ní ohun tó o bá ti fọwọ́ sí, òun ò ní wí nǹkan kan."

"Ó ti sán, sà."

"Mo rí i. Small line." Ó yọ ìgò òróró àdúrà lápò. "Èmi fúnra mi máa ta òróró sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbààwẹ̀ lé e lórí."

Inú bí Babáwálé. Wọ́n á fojú ara wọn rí i pé nǹkan ti bàjẹ́, wọ́n á ta òróró sí i, bó bá wá pààyàn tán, wọ́n á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Irin tí òyìnbó kò jẹ́ fi gbé ajá rẹ̀ mọ́, òun ló wá tó fún tiwa. Ta ló sọ ilé wa di ààtàn? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́; àgbà yìí ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ ọ.

"Mojí ìyàwó mi máa bímọ lóṣù tó ń bọ̀, sà," ó ní. "Màmá mi ló ń bọ̀ wá wẹ ọmọ. Kàdúná ni wọ́n ti máa wọ bàálù dé Èkó."

Alàgbà kò tiẹ̀ ronú kó tó dáhùn. "Ṣé ìyẹn náà le ni? Sọ fún Màmá kí wọ́n wọ mọ́tò."

Babáwálé tún dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ ṣeun gbogbo oore tí ẹ ṣe fún mi, sà."

Ó dìde, ó fi awò bojú, ó tan ayùn. Alàgbà ń sọ̀rọ̀, ó ń na ìka sí i, ariwo irin kò jẹ́ kí Babáwálé gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ẹsẹ̀ bàálù já sí méjì, ó gbé ààbọ̀ kan síwájú Alàgbà, tó ṣì di ìgò rẹ̀ mú.

"Ẹ lè ta òróró yẹn sí i báyìí, sà."