Ìwé Tó Rán Sênh Lọ sí Hoàng Sa

Ó di ọdún keje tí Lực apẹja ti bá òkun lọ, Thoa ìyàwó rẹ̀ kò sì rí òkú rẹ̀ sin. Ní erékùṣù Lý Sơn, bí òkun bá gbé èèyàn mì, amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ère rẹ̀, wọn a sì sin ín bí ẹni sin òkú gidi. Amọ̀ ni Thoa sin. Bó bá ti oko aáyù dé, á yà síbi ibojì náà, á tu koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Tuyên wọkọ̀ ojú omi dé. Láti Hà Nội, olú ìlú wọn, ló ti wá; olùkọ́ ni, ìwé àtijọ́ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ilé Hiển, ẹ̀gbọ́n Lực, ló gbà lọ, torí pé ọwọ́ Hiển ni àpótí ìdílé Phạm wà. Ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí náà: èyí tí ọba fi rán Sênh, baba ńlá wọn, lọ sí àwọn erékùṣù Hoàng Sa láàárín agbami, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Thoa ló gbé tíì fún àlejò.

"Bàbá, àwọn ará Ṣáínà ti kó ìwé tiwọn jáde," Tuyên wí. "Wọ́n ní baba àwọn ló kọ́kọ́ ń pẹja ní Hoàng Sa, àwọn ló sì ni ín. Ẹ jẹ́ kí n gbé ìwé tiyín náà lọ sí Hà Nội. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Hiển rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọkọ̀ ojú omi wọn tí wọ́n fi irin kàn ló wà níbẹ̀, ọ̀gá olùkọ́. Àbí ìwé ló máa lé ọkọ̀ irin?"

"Kò lè lé e. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá délẹ̀, wọn ò ní bi ọkọ̀ irin léèrè ọ̀rọ̀."

Hiển mi orí. Bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé àpótí náà kò gbọdọ̀ jáde nílé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," Thoa wí. "Ta ló lè ka ìwé yẹn nínú wa? Láti ìgbà tí mo ti wọlé yín la ti ń sun tùràrí sí i, a ò mọ ohun tó wí. Ẹ jẹ́ kó kà á fún wa ná."

Hiển dìde, ó wẹ ọwọ́, ó sun tùràrí, ó gbé àpótí kalẹ̀.

Tuyên ń fi ìka tọ àwọn lẹ́tà àtijọ́ náà, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta. Ọkùnrin mẹ́jọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n wọn àwọn erékùṣù náà, kí wọ́n ri òpó àmì mọ́lẹ̀. Phạm Văn Sênh ni kó tọ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ojú Hiển ń dán. Àfi bí ohùn Tuyên ṣe rẹlẹ̀.

"'Sênh ti bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé kí a dá òun sí, nítorí ìyá òun ti darúgbó, òun nìkan ló sì bí. A gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tó mọ àpáta abẹ́ omi náà bíi tirẹ̀. Kó lọ.'"

Sênh lọ, kò sì padà wá. Èyí ni gbogbo wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, níbi àjọ̀dún àwọn tó lọ sí Hoàng Sa, Hiển ló máa ń dìde láàárín àwùjọ, tí á sọ bí Sênh ṣe bọ́ sọ́kọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ yọ ìlà yẹn kúrò," Hiển wí.

"Bí mo bá yọ ìlà kan, bàbá, wọ́n á ní ayédèrú ni gbogbo rẹ̀."

"Ẹ bá mi dá ìwé mi padà, ẹ jọ̀ọ́. N ò ní sọ baba ńlá mi di ojo lójú gbogbo ayé."

Thoa gbé ìkòkò tíì kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, Lực náà ò fẹ́ lọ."

Hiển yíjú sí i. "Kí lo wí, ìyàwó?"

"Mo parọ́ fún yín. Mo ní tayọ̀tayọ̀ ló fi lọ. Ọkọ̀ irin kan ti gbá ọkọ̀ wọn rí ní Hoàng Sa, ẹ̀rù sì ń bà á. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tú okùn, ó tún ń dì í. Ìjì ti ṣí òrùlé wa, a ò sì lówó tí a máa fi tún un kàn. Mo ní ọkọ àwọn ẹgbẹ́ mi ti wà lójú omi. Èmi ni mo lé e lọ."

Kò sunkún. Ó ti sun ún tán tipẹ́.

Hiển wolẹ̀. "Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó wá bá mi. Ó ní kí n bá òun lọ, kí àyà òun lè balẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí." Ó gbé ojú sókè. "Ẹsẹ̀ kankan ò dùn mí, ìyàwó."

Ó ti àpótí náà síwájú Tuyên. "Ẹ máa gbé e lọ. Kẹ́ ẹ ka gbogbo rẹ̀ fún wọn."

Wọ́n gbé ìwé náà sínú àpótí gíláàsì ní Hà Nội kí gbogbo èèyàn lè rí i. Kò pẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà fi mú òmíràn jáde, wọ́n ní tàwọn dàgbà jù ú lọ. Ọkọ̀ irin kò kúrò lójú omi.

Nígbà tí àjọ̀dún ọdún tó tẹ̀ lé e dé, Hiển dìde láàárín àwùjọ. Ó sọ pé Sênh bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pé wọn ò gbà fún un, pé ó sì tọ́ ọkọ̀ lọ bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn àgbà kan kùn. Obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ wà lójú òkun lọ́jọ́ náà bú sẹ́kún.

Ọkùnrin ló máa ń ti ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń rántí òkú sómi. Ṣùgbọ́n Hiển gbé èyí tó ní orúkọ Lực, ó fi lé Thoa lọ́wọ́. Thoa wọ omi dé orúnkún, ó tì í. Ìgbì dá a padà. Ó dúró kí ìgbì náà kọjá, ó sì tún tì í.