Ìkòkò Orí Yukalípítọ́ọ̀sì

Òdòdó yukalípítọ́ọ̀sì funfun bí òwú tí ẹnìkan fọ́n sórí ẹ̀ka, oyin sì ń kùn láàárín rẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́. Ewé tẹ́ẹ́rẹ́ ń mì lẹ́lẹ́, ó ń ta sánsán bí ìgbà tí ìyá bá ń se àgbo òtútù fún ọmọ tí imú rẹ̀ dí.

Àsàbí wà lórí àkàbà. Ó ti gbé ìka rẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n kò tíì kan ìkòkò oyin tó wà láàárín ẹ̀ka.

Nísàlẹ̀, Múdà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró ti agégi, ayùn wà nílẹ̀ láàárín wọn. Igi náà gùn, ó tọ́, yóò ṣe òpó iná dáadáa. Bàbá wọn ló gbìn ín. Kò so èso tí ènìyàn lè jẹ, kò ní ibòji tí ènìyàn lè nà sí. Oyin nìkan ló mọ ohun tó ń wá lára rẹ̀. Nígbà tí Bàbá kú, igi di ti Múdà, iṣẹ́ ìkòkò oyin di ti Àsàbí. Múdà sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé bí ìkòkò bá tún ṣófo lọ́dún yìí, òun á gé igi òun.

Lọ́dún tó kọjá, ó ṣófo. Ìkòkò tí wọ́n fi ń se irú ni Àsàbí gbé sórí igi. Ó fọ̀ ọ́, ó fi iyanrìn ha á, ó sá a sóòrùn. Oyin wá, oyin gbóòórùn, oyin lọ. Múdà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Àsàbí, ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè fún wọn ni?"

Tọdún yìí, tuntun ni, láti ọ̀dọ̀ amọ̀kòkò. Ó fi ìda oyin pa inú rẹ̀ bí ẹni ń fi òrí pa ara ọmọ tuntun. Ó gbé e sókè, ó sì dúró de oyin.

Bàbá kì í ṣí ìkòkò wò. Ó máa ń fi ìka kàn án ni. Èyí tó ṣófo á dún gan-an-ran. Èyí tó kún á dún kì.

Àsàbí kàn án. Kì.

Ó sún ìka wálẹ̀, ó tún kàn án. Kì. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ru, wọ́n kùn, kíkùn náà gba ara amọ̀ wọ ọwọ́ rẹ̀, ó gba ọwọ́ wọ àyà rẹ̀.

Àsàbí fín wọn ní èéfín díẹ̀, ó gé afárá kan sínú igbá, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín, ó sì fi okùn sọ igbá kalẹ̀.

Múdà fi ìka kan tọ́ ọ wò. Ó dùn, lẹ́yìn náà, ó tutù lọ́nà ọ̀fun, bíi ti ewé orí igi, bíi ti ayé Bàbá. Múdà tún ti ìka bọ̀ ọ́.

"Bàbá agégi, ẹ máa gbé ayùn yín lọ," ló wí nígbẹ̀yìn. "Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná."

Àsàbí sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ìka sókè, ó kan ara igi, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tó mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀.

Kì.