Ìkìlọ̀ Bọ́dà
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ná ọ̀nà Ẹ̀jìgbò sí Abíjàn. Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní bọ́dà? Nígbà tí Rùkàyyàt, ọmọ ọmọ mi tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, fẹ́ wá kí mi nígbà àkọ́kọ́, mo kìlọ̀ fún un lórí fóònù pé ojúmọmọ ni kó kọjá, kó má sì fi pásípọ́ọ̀tù lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àfi ẹni tó wọ aṣọ ìjọba.

Lánàá, bọ́ọ̀sì já a sílẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sáré pàdé rẹ̀ láìwọ bàtà. Mo ní kó mú pásípọ́ọ̀tù wá, kí n wo fọ́tò rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá di báàgì rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà. Ẹ ò wọ aṣọ ìjọba."